Bààmú Tó Sọdá Ojú Israfil

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin àgbà ìjọ, àti ẹ̀yin ará Òkè-Elérin tí ẹ dúró lójú fèrèsé tí ẹ ń gbọ́, èmi Mátíù Akínpẹ̀lú, tí gbogbo yín mọ̀ sí Mátíù Onífọ́tò, ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ kí ilẹ̀ tó gbà mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ohùn mi kò jáde dáadáa mọ́. Mo ti bẹ Emmanuel, akọ̀wé ìjọ wa, pé kó kà á bí mo ṣe kọ ọ́, kó má bu iyọ̀ sí i, kó má sì yọ ata kúrò níbẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá oògùn, ó ní bóyá oṣù mẹ́ta ló kù, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, obìnrin kan wà nílùú yìí tí yóò máa retí ẹni tí kò ní dé títí òun náà yóò fi kú. Èmi nìkan ni mo kù nílùú yìí tó mọ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pè mí ní olóòótọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba orúkọ náà padà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, ní Owódé, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi Stephen, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín bó bá ti wà nídìí kámẹ́rà. Ọdún márùn-ún ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó ṣe fíríìdọ̀mù, tí mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi síhìn-ín l'Ógbómọ̀ṣọ́. Fọ́tò dúdú-àti-funfun la kọ́, òun náà la sì ń jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 1987, fọ́tò aláwọ̀ ti gba ìgboro. Ẹni tó bá ti ní kámẹ́rà kékeré lọ́wọ́ á ya ènìyàn níbi ìkómọ, á fi fíìmù ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta àwòrán ti dé, tòun ti gbogbo àwọ̀ aṣọ tí kálukú wọ̀. Àwọn oníbàárà mi àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á yíjú sápá kejì kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin. Ó dùn mí wọ egungun. N kò sọ èyí láti fi tọrọ àánú, mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ebi tó ń pa mí. Kì í ṣe ebi oúnjẹ. Ebi kí ènìyàn tún wo iṣẹ́ ọwọ́ mi kó sì ya ẹnu ni.

Lọ́dọ̀ ìyá elẹ́pà kan ní Sábó ni mo ti rí ìwé náà, níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988. Òyìnbó kan tó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ti padà sílùú rẹ̀, àwọn ìwé tí kò lè kó lọ sì di ohun tí ìyá yìí ń fà ya lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi ń wé ẹ̀pà. Mo jẹ ẹ̀pà tán, mo fẹ́ ju ìwé rẹ̀ nù, mo wá rí i pé ojú obìnrin kan náà ló wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan nínú ọgbà òdòdó, èkejì létí òkun, ẹ̀rín kan náà, irun kan náà, àní eyín kan náà tó wọ́. Mo sáré padà, mo ra gbogbo ohun tó kù nínú ìwé náà. Ogún ojú ìwé àkọ́kọ́ ti bá ẹ̀pà lọ.

Ilé ìwé Módà, èyí tó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo kà dé, n kò sì parí rẹ̀. Mo jókòó ti ìwé náà, èmi àti díṣọ́nárì. Ó ní kí n mú eku, kí n fi eku náà yí orí ènìyàn ká, mo rò pé àwọn òyìnbó ti ya wèrè. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ kan ló là mí lóye pé ìwé tó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe ni, ẹ̀rọ kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì fojú rí. Ó ní kí n jù ú nù, nítorí ìwé tó ń kọ́ni wíwa ọkọ̀ òfuurufú kò wúlò fún ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́. N kò jù ú nù. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí ẹ̀rọ bá lè ṣe, ọwọ́ ènìyàn ló kọ́kọ́ ṣe é. Níbi tí ìwé bá ti ní kí ẹ̀rọ gé, mo mú abẹ réésà. Níbi tó bá ti ní kó lẹ̀ ẹ́, mo mú gọ́ọ̀mù. Níbi tó bá ti ní kí etí ohun tí a gé rọ̀ kó lè wọnú ara ti tẹ́lẹ̀, mo da fọ́tò náà dé, mo fi sánpépà ha ẹ̀yìn etí rẹ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́ bíi awọ àlùbọ́sà. Lẹ́yìn náà màá wá gbé kámẹ́rà sórí gbogbo rẹ̀, màá tún un yà, kó lè di fọ́tò kan ṣoṣo tí kò ní ojú àpá. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ, mo ba ìwé fọ́tò jẹ́ tó kún àpò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ara mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi tó ti kú ṣáájú kí n tó ra kámẹ́rà, mo jókòó sílẹ̀ mo sì sunkún. Ìyá mi kò pa ẹnikẹ́ni lára nínú fọ́tò yẹn. Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni.

Òkìkí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ẹni tí kò rí àyè dé ibi ìgbéyàwó, mo gbé e débẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, mo là á. Nígbà tí Ìtúnu Àwẹ̀ ọdún náà kọjá, Gàníyù káfíńtà wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ̀gbọ́n mi ládùúgbò ni, ilé wọn kò ju ojúlé mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Mátíù, Israfil ti kú."

Israfil ni àbúrò rẹ̀. Ọdún 1985 ló ti lọ sí Kọdifúà lọ ṣòwò, kò tíì ju ọdún méjì lọ tó gbé ìyàwó rẹ̀, Ràódàt, wọlé nígbà náà. Lórí àga tí Gàníyù jókòó sí yẹn gan-an ni mo ti ya fọ́tò ìdágbére fún un. Mo kí Gàníyù kú ọ̀fọ̀, mo bi í pé ta ló mú ìròyìn wá.

"Ará Ìlọrin kan. Israfil ti kúrò láàárín àwọn ará wa l'Ábíjàn, ó ti lọ sí ìlú kan lókè lọ́hùn-ún, àwọn méjì péré ni wọ́n gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló dojú dé. Ọjọ́ kejìlá oṣù Ààwẹ̀ ni wọ́n sin ín. Ọkùnrin náà gbé báàgì rẹ̀ fún mi ní gáréèjì, ó sì ti padà. Èmi àti ìwọ nìkan ló gbọ́."

"Ìyá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. O mọ ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa. Bí ó bá gbọ́, òkú méjì ni màá sin. Wọ́n ní o ti ń gbé ènìyàn dé ibi tí kò dé. Bá mi gbé Israfil dúró l'Ábíjàn kí ìyá rí i, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀."

Mo bi í pé ṣé yóò sọ fún Ràódàt. Ó mi orí. Ó ní, "Yàrá kan náà ni òun àti ìyá ń sùn. Ohun tí Ràódàt bá mọ̀, ìyá ti mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ará, ó yẹ kí n sọ pé rárá. Mo mọ̀ pé ẹni tó kú gbọ́dọ̀ gba ẹ̀tọ́ òkú, kálukú ní tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Gàníyù tó pa ẹnu dé, ọwọ́ mi ti ń yún mi. Mo ti ń ro ibi tí nẹ́gẹ́tíìfù Israfil wà nínú àpótí mi, mo sì ń ro bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bọ́ sí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo yà á. Gàníyù mú káàdì kan jáde tó bá nínú báàgì òkú náà, àwòrán ilé gogoro kan l'Ábíjàn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Owó tí Gàníyù san kò ju owó fọ́tò lásán lọ, torí náà n kò lè sọ pé owó ló mú mi. Adùn iṣẹ́ náà ló mú mi.

Fọ́tò àkọ́kọ́ jáde bí ẹni pé Israfil fẹ́ sọ̀rọ̀. Gàníyù gbé e wọlé, ó ní ẹnì kan tó ti Àbíjàn dé ló mú un wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá wọn, Ìyá Mọ̀ríámọ̀, ní kí wọ́n lọ pè mí wá, nítorí fọ́tò ni, èmi ni mo sì mọ̀ nípa fọ́tò. Mo bá a lórí ẹní, ó gbé fọ́tò náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní, "Mátíù, ṣé kò rù?" Mo ní, "Rárá, ìyá, ó tilẹ̀ sanra díẹ̀." Ràódàt dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu omi tútù fún mi. Ìyá ṣàdúrà fún mi títí mo fi ní kó tó. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Mo ń rìn lọ sílé, mo ń sọ lọ́kàn mi pé kò sí onífọ́tò aláwọ̀ kan tó lè ṣe èyí.

Ìgbéraga náà pọ̀ débi pé mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ fi ẹ̀dà rẹ̀ han ọ̀gá mi. Mo rò pé yóò yìn mí. Ọ̀gá Stephen gbé gíláàsì wọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́, kò rí ibi tí mo ti gé e, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò rí i. Lẹ́yìn náà ó wo bí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ṣe tẹ ilẹ̀ tí kò ní òjìji. Ó bọ́ gíláàsì kúrò.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé gọ́ọ̀mù àti sánpépà fún un. Ó ní, "Wọn kì í wá irú fọ́tò yìí fún alààyè. Alààyè á lọ dúró síbi tó bá wù ú. Ta lẹ ń tàn jẹ?" Mo ní ìyá arúgbó kan ni, aláìsàn, pé àánú ni. Ó dá fọ́tò náà padà sínú àpò ìwé rẹ̀, ó sì tì í sọ́dọ̀ mi. "Àwọn ènìyàn ń gba ohun tí a bá yà gbọ́ ju ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí lọ, Mátíù. Nítorí náà ni mi ò kì í fi í ṣeré. Máa mú un lọ." Kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo bínú sí i ní gbogbo ojú ọ̀nà títí mo fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní ìlara ló ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí n má gbàgbé òjìji mọ́.

Fọ́tò kejì tẹ̀ lé e, ó tún di ẹ̀kẹta. Gàníyù á kọ lẹ́tà, màá ṣe fọ́tò. Nígbà tí Iléyà ọdún 1989 ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún wá, ojú rẹ̀ kò dára. Ó ní tíṣà kan tí wọ́n ń pè ní Kareem, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ti ń yà lọ́dọ̀ Ràódàt nínú ọjà Jagun níbi tó ti ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì. Ó ní, "Ọmọlúàbí ni Ràódàt, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti ń bi mí ní ìbéèrè. Ṣe èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó kẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n sọ fún un. Obìnrin náà ṣì kéré."

Ó wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. "Bí ó bá gbọ́ pé opó lòun, á ṣe opó rẹ̀ tán, á sì lọ. Ta ni yóò máa wẹ ìyá mi? Ta ni yóò máa gbé e lọ sẹ́yìnkùlé? Ṣé ìyàwó mi tí kò lè bu omi fún un?"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, n kò lè sọ pé àánú arúgbó ni mo ń ṣe. Mo ti mọ ohun tí fọ́tò mi wà fún. Okùn ni, ọrùn Ràódàt ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì wọ yàrá òkùnkùn lọ ṣe é.

Ọkùnrin kan láti Ìrẹsà ti wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Pijó tuntun, gíga rẹ̀ àti ti Israfil kò yàtọ̀. Ara rẹ̀ ni mo gé. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni oòrùn ti kọlu ara náà, apá òsì sì ni ìmọ́lẹ̀ ti kọlu ojú Israfil. Òjìji tí ọ̀gá mi wá tì nínú ti àkọ́kọ́ ṣì ń dùn mí. Mo ṣí ìwé mi. Ó wà níbẹ̀, kedere: bí ìmọ́lẹ̀ kò bá bára mu, yí ojú náà padà, kí ọ̀tún di òsì, nítorí ojú ènìyàn kì í mọ ìyàtọ̀. Mo da nẹ́gẹ́tíìfù Israfil dé, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ìmọ́lẹ̀ bára mu, òjìji bára mu. Mo fò sókè nínú òkùnkùn yẹn. Àwọn tó kọ ìwé náà kì í kọlà. Israfil kọ bààmú, ilà kan ṣoṣo tó ti ibi imú fà lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi tí mo kọ gọ̀ǹbọ́, tí ojú mi dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, n kò rántí. Mo jẹ́ kí ìwé kọ́ mi ní ojú ara mi.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n jẹ Iléyà tán ni Ràódàt wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán ni, kò sí oníbàárà kankan. Ó kúnlẹ̀, ó fi orúkọ ọmọ mi kí mi, ó tú fọ́tò náà kúrò nínú gèlè tó fi wé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ànúolúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa fọ́tò."

"Kí ni, ìyàwó wa?"

"Bààmú ọkọ mi, apá òsì ló wà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, èmi ni mo máa ń fi òrí pa á lójú, mo mọ ibi tí ìka mi máa ń gbà. Kí ló gbé e lọ sápá ọ̀tún?"

Mo ní, "Fọ́tò máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Bí ẹni wo dígí ni. Bí wọ́n bá gbé fíìmù kọ ẹ̀yìn, gbogbo nǹkan á yí."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Mo gbé e síwájú dígí kí n tó wá, bààmú náà sì padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ wá bọ́ sápá òsì, bíi ti ẹ̀wù obìnrin. Bọ́tìnnì ni mo ń tà, Bàbá Ànúolúwa. Ojú rẹ̀ yí, ẹ̀wù rẹ̀ kò yí. Báwo ni ìyẹn ṣe jẹ́?"

Obìnrin tí kò ka ìwé fọ́tò kankan ló tú iṣẹ́ mi palẹ̀ báyìí. Ká ní mo ní ìwà ni, mi ò bá dọ̀bálẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé yóò sọ fún ìlú, ṣọ́ọ̀bù mi á sì dahoro. Mo dìde, mo lọ mú ìwé náà wá. Mo ṣí i, mo gbé ìka lé ìlà kan, mo ka Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ sókè ketekete. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń pa kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀. Mo wá túmọ̀ rẹ̀ fún un pé, "Ó ní kámẹ́rà tí wọ́n ń lò nílẹ̀ àwọn Faransé, dígí méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún ara. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, orí á yí, ara kò ní yí." Ràódàt wo ìwé náà. Ó kéwú dáadáa, kò sì fi ojú yẹpẹrẹ wo ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé. Ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi fún yín, ẹ ò ní sọ fún ẹnì kan. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Oyún kan tí mo ní fún Israfil bàjẹ́, kó tó lọ. Ẹnì kan wà tó ní bí mo bá jẹ́ opó, òun á dúró kí n parí, òun á wá tọrọ mi. Bí ọkọ mi bá wà láàyè, màá dúró dè é, kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kú, mo fẹ́ mọ̀ kí n sunkún rẹ̀, kí wọ́n kírun sí i, kí n bọ́ sí ọ̀nà mi kí ọjọ́ tó lọ lórí mi. Ojú yín mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè nínú fọ́tò. Ẹ fi Bíbélì yín búra fún mi pé ẹni inú fọ́tò yìí wà láàyè."

Bíbélì mi wà lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi ìfọ-fọ́tò. Mo gbé e. Ẹ̀yin ará, ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́: bí mo ṣe ń gbé e, mo ti ń wá ihò tí màá gbà jáde. Mo sọ fún ara mi pé ara inú fọ́tò náà, ti ọkùnrin Ìrẹsà ni, ó wà láàyè, ó ń gun Pijó rẹ̀ kiri, nítorí náà n kò búra èké. Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo wo Ràódàt lójú, mo ní, "Mo búra ní orúkọ Ọlọ́run tí mo ń sìn, ẹni inú fọ́tò yìí wà láàyè."

Ràódàt kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ànúolúwa. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yin náà máa rí àwọn ẹni yín." Ó fi gèlè wé fọ́tò náà padà, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún Kareem pé kó má wá mọ́.

Èyí tó kù kò gùn. Kareem dúró fún oṣù mẹ́jọ, ó wá fẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọ mẹ́ta ni ìyẹn ti bí fún un, ìyá wọn máa ń kó wọn gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, mo sì máa ń wọlé bí mo bá ti rí wọn. Ìyá Mọ̀ríámọ̀ kú lẹ́yìn ọdún méjì, ọwọ́ Ràódàt ló kú sí. Lẹ́yìn òkú rẹ̀, Gàníyù ní kí a dáwọ́ dúró, pé kò sí ìdí fún un mọ́. Ó jẹ́ kí lẹ́tà dá, kò sì jẹ́wọ́. Ó fi obìnrin náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe opó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn àlùfáà ní kí Ràódàt jẹ́ kí àwọn tú ìgbéyàwó náà, nítorí ọkọ rẹ̀ ti pa á tì, ó kọ̀. Ó ní ẹnì kan fi Bíbélì búra fún òun. Gàníyù fúnra rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì wá ku èmi nìkan. Ọdún keje rèé tí Israfil ti kú. Ẹnikẹ́ni kò kírun òkú sí i nílé, kò sí ẹni tó ṣe fìdáù fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ní kí ọmọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ràódàt. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú àlùfáà àdúgbò wọn, láti orí eku dé orí Bíbélì. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Ọjọ́ wo gan-an ló kú?" Mo sọ fún un pé ọjọ́ kejìlá oṣù Ààwẹ̀ ọdún 1988 ni wọ́n sin ín. Ó ronú. Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn mo se ẹ̀wà fún ìṣínu, mo bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe." Ó bi mí níbi tí sàréè rẹ̀ wà, n kò mọ̀. Ó bọ́ yẹtí kúrò létí, ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ó kó wọn lé orí ẹní. Àlùfáà sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, láti ọjọ́ ikú ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ opó, pé tirẹ̀ ti kọjá tipẹ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ kan.

Ó ní, "Àfáà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ti fi tàn mí jẹ. Èmi á ka tèmi láti òní."

Mo dojú bolẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó wá ní, "Ẹ dìde, Bàbá Ànúolúwa. Ẹ máa lọ sílé. Opó kì í bá ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀. Bí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bá pé, ẹ padà wá. Màá dá yín lóhùn."

Oṣù mẹ́ta ni dókítà fún mi. N kò sọ fún un, kí ó má dà bí ẹni pé mo ń fi ikú mi du àánú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ rẹ̀, èmi ni mo gba èyí tó ti kọjá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, tí ẹ ń ṣàwárí ọgbọ́n tuntun nínú ìwé, ẹ kọ́ ọ. Ìwé kò ṣẹ̀ mí, abẹ réésà kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ojú kan kúrò níbi tó wà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló ń retí ojú náà nílé. Ẹ má ṣe bíi tèmi, kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má baà di ohun tí ẹ ń dáàbò bò ju ènìyàn lọ.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín. Bí ọjọ́ náà bá pé tí n kò sí mọ́, kí ẹnì kan nínú yín lọ dúró níwájú ilé Ràódàt fún mi. Kó má ṣe bẹ̀ ẹ́, kó má ṣe ka Bíbélì sí i létí. Kó kàn sọ pé Mátíù ló rán òun wá gba èsì. Bí ó bá dárí jì mí, ẹ wá sọ ọ́ lórí sàréè mi. Bí kò bá sì dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi, ẹ wá sọ ìyẹn náà.